Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ní Dẹ́pò: ohun tí ojú ìyá ṣọ́jà rí

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Dẹ́pò ní Zaria, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ṣọ́jà tuntun, ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti agbègbè wa yìí tí ẹ kò ní ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ ológun tí ẹ lè pè kí ẹ bi léèrè. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn. Ọjà ni mo ń tà nítòsí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni baálé mi. Láti ìgbà tí bàbá tó bí bàbá mi ti lọ ogun Hítílà, tí wọ́n kó wọn dé Bọ́mà, kò tún sí ẹni tó wọ aṣọ ṣọ́jà nínú ẹbí wa mọ́, bàbá náà kò sì fẹ́ kí wọ́n máa bi òun nípa ohun tí ojú òun rí lọ́hùn-ún. Nígbà tí Àjàní, àkọ́bí mi, ní òun fẹ́ ṣe ṣọ́jà, ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà kò ju èyí tí mo ń gbọ́ nínú rédíò lọ.

Mo ti bá àwọn ìyá mélòó kan sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí tiwa ti parí, gbogbo wa la sì fẹnu kò sí i pé ìparí ló le jù. Ọjọ́ tí ọmọ bá lọ, èèyàn á sunkún, yóò sì nu ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n jáde, tí a ò gbúròó ọmọ mọ́, tí ọjọ́ pàréèdì tí wọ́n fi ń jáde ń sún mọ́lé, tí a ò sì mọ ibi tí wọ́n máa rán an lọ lẹ́yìn pàréèdì náà, ìgbà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí etí bá gbọ́ máa ń wọni lára. Ìgbà yẹn náà ni àwọn tó fẹ́ fi orúkọ ọmọ ẹni jẹun máa ń yọjú.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bó ṣe débẹ̀. Àjàní parí ìwé mẹ́wàá, ó ń dúró de ààyè ní LAUTECH, ọdún ń gorí ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i lórí fóònù pé wọ́n ń gba ṣọ́jà. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń kún un. Ẹ di èyí mú, torí mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tiwa, ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ ní láti wà láàárín ọdún 18 sí 22, ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọwọ́ lè tó 26. Wọ́n ń béèrè pé kí ọmọ ti yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin, ó kéré tán, nínú WAEC tàbí NECO, pẹ̀lú ìwé àwọn onígbọ̀wọ́. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fárígá. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà lọ gbìyànjú, mo rò pé wọn ò ní mú un. Wọ́n mú un.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ fún wa pé wọ́n máa lò. Rìkúrúùtì, ìyẹn ọmọ tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ṣọ́jà, kì í lo fóònù ní Dẹ́pò. Bí ọmọ bá máa pe ilé, fóònù ẹlòmíràn ló máa fi pè, nígbà tó bá rí ààyè, lọ́pọ̀ ìgbà ní màmí, ìyẹn ọjà inú bárékè tí àwọn obìnrin ti ń ta oúnjẹ àti nǹkan kéékèèké. Ìpè náà kì í pẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí Àjàní pè, mo gbọ́ "Màámi, èmi ni," mo bú sẹ́kún. Mo bi í bóyá ó ń jẹun, bóyá wọ́n ń lù ú, bóyá ara rẹ̀ yá. Kó tó dáhùn ọ̀kan, mo ti bi í ní òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ìpè já. Bàbá rẹ̀ tún nọ́ńbà náà pè. Ọkùnrin tó ni fóònù gbé e, ó ní ọmọ náà ti lọ, ó sì bẹ̀ wá pé kí a má pe nọ́ńbà yẹn mọ́, torí ó lè kó bá ọmọ wa àti òun tó yá a ní fóònù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti lẹ bébà kan mọ́ ògiri níbi tí mo ti ń ṣáàjì fóònù. Mo kọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí i: kọ́ńpínì rẹ̀ àti plàtúnù rẹ̀ (ẹgbẹ́ ńlá àti ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n pín wọn sí), nọ́ńbà tí wọ́n fún un, àti ọjọ́ tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún pàréèdì. Nígbà tó tún pè, mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tó. Ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí ìyá bá lè pa ẹnu mọ́ díẹ̀. Ó sọ fún mi pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti bó, pé ó ti wá le báyìí, pé ọmọ Kogi kan tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ló ń kọ́ òun ní orin tí wọ́n fi ń sáré láàárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìpè tó ṣe kẹ́yìn kó tó dákẹ́ bọ́ sí àsìkò ọyẹ́. Ó ní, "Màámi, a ń lọ inú igbó. Ẹ má retí mi o. Tí a bá ti dé, pàréèdì ló kù." Kò sọ ju ìyẹn lọ.

Ìgbà tó jáde tán ló tó ṣàlàyé fún mi ohun tí wọ́n ń pè ní inú igbó. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ti kọ́ wọn ní ìbọn, bí wọ́n ṣe ń tú u, bí wọ́n ṣe ń nù ún, bí wọ́n ṣe ń tò ó padà kíákíá. Wọ́n ti kó wọn lọ sí pápá ìyìnbọn, níbi tí wọ́n ti ń wò ó bóyá ọta kálukú ń bà ibi tó yẹ. Inú igbó wá ni wọ́n ti ń fi gbogbo rẹ̀ papọ̀ dán wọn wò. Wọ́n á rìn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹrù lẹ́yìn, ìbọn lọ́wọ́. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tí wọ́n máa wà nínú rẹ̀, àwọn kan á máa ṣọ́nà nígbà tí àwọn yòókù bá ń sùn. Àwọn ọ̀gá wọn á yìnbọn sókè lóru láti mọ ẹni tó máa sá àti ẹni tó máa dúró sí àyè rẹ̀. Ọyẹ́ Zaria kò sì ṣe é fi wé tiwa níbí rárá. Ó ní àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú wọn ni òtútù náà bá jà jù, ètè wọn là, bí wọ́n bá ya ẹnu láti jẹun, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde.

Ká ní mo ti mọ gbogbo èyí ṣáájú ni, ǹ bá ti mọ̀ pé nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, ibi iṣẹ́ ni ọmọ mi wà. Ẹni tó wà nínú kòtò nínú igbó kò ní fóònù, ẹni tí ì bá sì yá a ní fóònù wà ní màmí. Kò sí ohun mìíràn nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí àwọn òbí dá sílẹ̀.

Mi ò ní sọ pé kí ẹ má wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti mọ àwọn tí a jọ rìnrìn àjò, níbẹ̀ ni obìnrin kan ní Ọ̀yọ́ ti kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n gbé lọ. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí a ń wí yìí, ẹgbẹ́ náà di ohun tó ń pa èèyàn lára. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan ju ohùn síbẹ̀, ohùn ọkùnrin tí a ò mọ̀, pé rìkúrúùtì méjì ti kú sínú igbó, pé wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sọ kọ́ńpínì, kò sọ ọjọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá ti ń gbààwẹ̀, ẹnì kan ti ń kó ẹrù láti gba Zaria lọ. Mo dé ọjà láàárọ̀, mi ò lè ṣírò owó. Obìnrin kan fún mi lówó, mo fún un ní ṣéńjì tó ju owó tó san lọ, òun ló dá a padà fún mi. Àyà mi ń lù kìkì, orí ń fọ́ mi títí mo fi ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ti ga. Nọ́ọ̀sì náà bi mí pé kí ló dé, mo ṣàlàyé. Ó ní, "Màmá, ta ló sọ ọ́?" Mi ò lè dáhùn.

Ìbéèrè yẹn ni mo wá sọ di ìlànà. Bí ìròyìn bá dé nípa Dẹ́pò, mo máa ń béèrè ta ló sọ ọ́, orúkọ ọmọ wo, kọ́ńpínì wo. Bí kò bá sí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò ní fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, mi ò sì ní sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rìkúrúùtì méjì yẹn, kò sí ẹyọ òbí kan nínú ẹgbẹ́ náà tó sọ pé ọmọ òun ni, ọjọ́ pàréèdì pé, kò sẹ́ni tó wá ọmọ rẹ̀ tì.

Ẹni tó gbà mí ní àsìkò náà ni àbúrò bàbá mi tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Zaria. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí a ṣe tàn ká òkè Ọya: Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Zaria, kò síbi tí wọn ò ti ní ọmọ ilé wa. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni bàbá náà ti ń gbé Sábóńgàrí ní Zaria, ó gbọ́ Hausa, ó mọ ọ̀nà. Mo pè é, mo ní kó bá mi lọ wádìí. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà Dẹ́pò, ó kí àwọn tó wà níbẹ̀ dáadáa, ó ní ọmọ òun wà nínú wọn. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ọmọ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ inú igbó, wọ́n máa padà, kó máa lọ sílé. Kò rí Àjàní, kò sì gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kò dà bí ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó nílò rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ẹbí ní Zaria, ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tàbí ní mọ́sálásí. Ẹnì kan ṣoṣo tó wà nítòsí, tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, sàn ju ọgọ́rùn-ún ẹni tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lọ.

Wọ́n gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ìlú wa tù mí nínú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ìlú jagunjagun ni wá, pé Ògúnlọlá tó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó, pé Tóyèjẹ ti jẹ Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, Akíntọ́lá náà sì jẹ ẹ́. Bàbá kan dárúkọ Benjamin Adékúnlé, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó kó àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn nígbà ogun abẹ́lé, tó sì dolóògbé ní 2014. Inú mi dùn sí i. Ọ̀rọ̀ náà wúlò fún Àjàní gan-an, ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun máa ń fi Adékúnlé yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Fún ìyá tó jí ní aago mẹ́ta òru, kò ṣe púpọ̀. Ohun tó ṣe mí lóore ni ìyàwó pásítọ̀ tó kàn wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù láti ọ̀sán títí mo fi palẹ̀ mọ́, tí kò fún mi ní ìmọ̀ràn kankan.

Ọ̀rọ̀ owó wá. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí pàréèdì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe òbí. Ọkùnrin tó pè wá mọ orúkọ Àjàní, ó mọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ó ní wọ́n ti ń tò orúkọ àwọn tó ń lọ Máídúgùrì, ó ní òun lè yọ tirẹ̀ kí wọ́n gbé e sí Ìbàdàn tàbí Èkó, kí a ti fi owó ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má rò pé ó rọrùn láti sọ pé rárá. Ọmọ tí èèyàn bí, tí wọ́n ní owó lè yọ kúrò níbi tí ìbọn ti ń dún! Bàbá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kó sọ nọ́ńbà tí wọ́n fún Àjàní àti kọ́ńpínì rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ìyẹn kò kàn án. Bàbá rẹ̀ pa fóònù.

Ìyá kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà san tiẹ̀. Ó tà lára ọjà rẹ̀, ó tún yá lára owó àjọ. Lẹ́yìn tó san, wọ́n ní kó fi díẹ̀ kún un fún ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i, ó fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Nígbà tí a fara balẹ̀ wádìí bí wọ́n ṣe mọ ọmọ rẹ̀, Facebook ni: òun fúnra rẹ̀ ló gbé fọ́tò ọmọ sórí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ìlú rẹ̀ àti "ọmọ mi ti di ṣọ́jà, ó wà ní Zaria". Àbúrò Àjàní náà ti gbé irú rẹ̀ sórí Facebook tiẹ̀, ọjọ́ yẹn la ní kó yọ ọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jáde ná. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì ti gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ìtìjú bò ó, ẹ sọ ọ́ síta. Ìyá yẹn sọ ọ́, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, òun ló sì kó àwọn mẹ́ta mìíràn yọ tí wọ́n ti fẹ́ lọ sí báńkì.

Ọjọ́ pàréèdì jáde lójijì. A ò ní ọjọ́ púpọ̀ láti múra. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà tí àwọn àgbà máa ń gbà lọ òkè Ọya tẹ́lẹ̀ ni Ìlọrin, Jẹ́bà, Mọ́kwà, Tẹgina, Birnin Gwari, kí wọ́n tó wọ Kàdúná. Ọ̀nà yẹn ló yá, ṣùgbọ́n ajínigbé ti bà á jẹ́, àwọn awakọ̀ tí a bá ní gáréèjì sì sọ fún wa pé kí a má dán an wò. A gba Ìlọrin, Òmù-Àrán, Kàbbà, Lọ́kọ́ja, a sun Àbújá. Ilẹ̀ mọ́, a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu sí Rigasa ní Kàdúná. Ẹ̀rù bà wá, n kò ní parọ́. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, òun náà ni wọ́n kọlù ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ. Ìparí ọdún yẹn ló tó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tiwa, a rí àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú ìbọn nínú ọkọ̀, ojúmọmọ la sì rìn. Láti Kàdúná, mọ́tò ló gbé wa dé Zaria. NIN ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí náà ẹ rí i pé tiyín wà lọ́wọ́. Ẹ má rin ìrìn àjò òru, bó ti wù kí ó kánjú yín tó. Ẹ dé Zaria ní ọjọ́ kan ṣáájú, ó kéré tán.

Oúnjẹ ńkọ́? Obìnrin Ọ̀yọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ní kí n má se nǹkan kan láti ilé, pé yóò kan lọ́nà. Èlùbọ́ ni mo gbé, àti gbẹ̀gìrì tí mo ti bó ẹ̀wà rẹ̀, tí mo sá a gbẹ, pẹ̀lú ẹran gbígbẹ. Ilé Bàbá Zaria ni mo ti dáná. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti jẹ oúnjẹ bárékè fún oṣù mẹ́fà, ọkà ló fẹ́ rí.

Àárọ̀ pàréèdì, a jí kí àwọn ládàánì tó pe ìrun. Òtútù yẹn wọnú egungun. Ẹ mú aṣọ tó nípọn dání, kódà bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí lẹ fẹ́ wọ̀. Wọ́n yẹ àpò wa wò lẹ́nu ọ̀nà, ó pẹ́ kó tó kàn wá, àwọn tó dé lẹ́yìn wa kò rí ibi jókòó sí. Lẹ́yìn náà ìlù àwọn ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n wọlé.

Mo ti rò pé màá dá a mọ̀. Gbogbo wọn ti fá orí, gbogbo wọn gbẹ, gbogbo wọn ti dúdú, ẹsẹ̀ wọn ń lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá rẹ̀ nawọ́ sí ọ̀kan, mo ń ju ọwọ́ sí i, mo ń pè é. Kì í ṣe òun. Ọkàn mi bà jẹ́ díẹ̀ pé mi ò dá ọmọ mi mọ̀, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun náà ń wá tòun. Wọ́n rìn yíká, àwọn ọ̀gá ńlá wò wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n fún àwọn tó ta yọ ní ẹ̀bùn. Nígbà tí wọ́n ń búra, tí àwọn Kristẹni di Bíbélì mú, tí àwọn Mùsùlùmí di Àlùkùránì mú, gbogbo ibi jókòó dákẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi dáadáa pé ohun tí ọmọ mi ṣe kì í ṣe wíwá iṣẹ́ nìkan. Ó ti fi ara rẹ̀ jìn.

Nígbà tí wọ́n tú wọn ká, ọ̀dọ̀ wa ló kọrí sí, òun ló rí wa. Ó kọ́kọ́ nà gbọnrangandan níwájú bàbá rẹ̀, ó kí i bí ṣọ́jà, kó tó dọ̀bálẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti le koránkorán, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún ti dúdú láti ìdí, àpá kan sì wà ní ìka ìtọ́ka tí n kò mọ̀. Ohùn rẹ̀ ti há. Mo ṣí kúlà, mo bu gbẹ̀gìrì sórí ọkà, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó yára ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, kì í jẹ́ kí òkèlè kan lọ tán kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Ọ̀gá kan kọjá, Àjàní fò dìde pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, ó dúró ṣánṣán, ọkùnrin náà wo kúlà, ó ní kó máa jẹun. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, bàbá wọn wò ó, ó pa ẹnu mọ́.

Ẹ fún wọn láyè ní ọjọ́ náà. Àwọn òbí kan fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń bi ọmọ léèrè bí ẹni ń ṣe ẹjọ́. Àjàní kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tí mo kọ sókè nípa inú igbó, díẹ̀díẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lórí fóònù ní oṣù lẹ́yìn náà.

Bó ṣe ń fọwọ́ ló sọ fún wa pé Àríwá Ìlà-Oòrùn ni wọ́n ń rán òun lọ, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ díẹ̀ sí i, sọ́dọ̀ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Hadin Kai, níbi tí ogun Boko Haram ti ń lọ láti 2009. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ń lọ Ìlọrin. Mo ti gbọ́ Máídúgùrì nínú ìròyìn tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ ìlú náà nìkan ti tó láti mú kí inú mi run. Mo bi í, ohùn mi kò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, pé ṣé kò sí ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Gbogbo plàtúnù wa la jọ ń lọ. Ṣé kí n wá wà nílé, kí àwọn yẹn máa lọ?" Bàbá rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò tún sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń retí ìpè rẹ̀, èyí tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń retí.

Ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. Kó tó padà wọlé, Àjàní béèrè bí wọ́n ṣe kọ orúkọ mi sórí NIN. Èmi ló kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n máa kàn sí nípa rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì máa bọ́ sí lọ́wọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Mo mú káàdì náà jáde: orúkọ bàbá mi ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọkọ mi, wọ́n sì ṣi orúkọ mi gan-an kọ. Èyí tó wà ní báńkì tún yàtọ̀. Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo gba ìwé ìbúra ní kóòtù, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe NIN, mo lọ, mo bọ̀, títí wọ́n fi tún un ṣe, kí n tó mú un lọ sí báńkì. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i kó lè bá ti ọ̀dọ̀ wọn mu. Nọ́ńbà ológun rẹ̀, ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fún un àti nọ́ńbà àkántì rẹ̀ wà nínú fáìlì kan lọ́wọ́ mi, bàbá rẹ̀ ní ẹ̀dà kan, Bàbá Zaria ní ọ̀kan. Ẹ ṣe tiyín kí ọjọ́ pàréèdì tó pé, torí wákàtí díẹ̀ ni wọ́n máa fún yín pẹ̀lú ọmọ yín lọ́jọ́ náà.